Kí A Gbé Omi Dání: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìrìn Ẹsẹ̀ Nínú Aginjù Ilẹ̀ Mímọ́

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 21:14–19, I Àwọn Ọba 19:3–8, Mátíù 4:5–7
Ẹsẹ àkọ́sórí: Òwe 22:3
Èrò ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ̀ pé ìmúrasílẹ̀ kì í ṣe àìnígbàgbọ́, àti kí ẹni tó bá ń lọ sí Ilẹ̀ Mímọ́ lè mọ ọ̀nà tó yẹ kí ó rìn àti ohun tó yẹ kí ó gbé dání.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Àwọn kan wà láàrin wa tí wọ́n ń fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè fojú rí Jerúsálẹ́mù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò ti lé ní 60 ọdún kí owó náà tó pé. Bí wọ́n bá sì dé ọ̀hún, kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọn yóò dé. Wọn a fẹ́ rí aginjù Jùdíà àti etí Òkun Òkú. Àwọn mìíràn a sì fẹ́ gun òkè Sínáì ní ilẹ̀ Íjíbítì. Nítorí wọn ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ọ̀rọ̀ náà, "aginjù", lè tàn wá jẹ. Bí a bá gbọ́ ọ ní èdè wa, igbó kìjikìji ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn, níbi tí igi ti ṣíji bo ilẹ̀, tí odò kò sì jìnnà. Aginjù inú Bíbélì kò rí bẹ́ẹ̀. Òkúta, iyanrìn àti òkè gbígbẹ ni. Ènìyàn lè rìn títí kí ó má rí ibòji tó tó ibi tí adìyẹ yóò sá sí. Nítorí náà, ọgbọ́n tí a fi ń rìn lọ sí oko nílé kò tó láti fi rìn níbẹ̀.

1. OHUN TÍ ÌWÉ MÍMỌ́ KỌ́ WA

Ẹ wo Hágárì. Oúnjẹ àti ìgò awọ kan tí omi wà nínú rẹ̀ ni Ábúráhámù fún un nígbà tí ó ń lọ. Nígbà tí omi tán, ó gbé ọmọ sábẹ́ igi kékeré, ó sì lọ jókòó lókèèrè kí ó má baà rí ikú ọmọ náà. Ìyá wo ni yóò ka ibẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò ní gbọgbẹ́? Ọlọ́run kò rọ òjò fún un. Ó la ojú rẹ̀, ó sì rí kànga. Nínú aginjù, ọ̀rọ̀ omi ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ẹni tó bá sì mọ ibi tí omi wà ni ó ń là á já.

Ẹ wo Èlíjà náà. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ó bẹ Ọlọ́run kí òun kú. Áńgẹ́lì tó wá bá a kò kọ́kọ́ wàásù fún un. Oúnjẹ àti omi ni ó fún un, ó sì jẹ́ kí ó sùn, ó tún fún un ní oúnjẹ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé ìrìn tó wà níwájú ju agbára rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí ni ó tó kọjú sí Hórébù, tí í ṣe òkè Sínáì.

Nínú Mátíù orí 4, Èṣù rọ Olúwa wa pé kí ó bẹ́ sílẹ̀ láti orí tẹ́ḿpìlì, kí àwọn áńgẹ́lì lè gbé e. Olúwa kọ̀, ó sì pe irú ìwà bẹ́ẹ̀ ní dídán Ọlọ́run wò. A máa ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé, "Ọlọ́run tó mú Ísírẹ́lì la aginjù já yóò mú èmi náà já," tí wọn a sì fi omi sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé Ọlọ́run kan náà ni ó fún Ísírẹ́lì ní omi láti inú àpáta, tí ó fi mánà bọ́ wọn, tí ó sì fi awọsánmà ṣe amọ̀nà wọn. Omi, oúnjẹ àti amọ̀nà: àwọn ohun mẹ́ta wọ̀nyí gan-an ni a ní kí ẹ má ṣe lọ láìní.

2. OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ 1969

Ní oṣù September 1969, James Pike, tó ti jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Episcopal ní California, àti Diane ìyàwó rẹ̀ wa mọ́tò tí wọ́n yá wọ inú aginjù Jùdíà. Wọ́n fẹ́ fojú ara wọn rí ibi tí Olúwa wa ti gbààwẹ̀. Wọn kò mú amọ̀nà. Àwòrán ilẹ̀ kan àti ìgò Coca-Cola méjì ni wọ́n gbé dání. Ọ̀nà tí wọ́n gbà burú, mọ́tò náà há, wọn kò sì lè yọ ọ́. Ni wọ́n bá fi ẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn. Kò pẹ́ tí ó fi rẹ bíṣọ́ọ̀bù náà dé ibi tí kò lè lọ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ dá rìn fún bíi wákàtí mẹ́wàá, ó ń gun àpáta lóru, títí ó fi bá àwọn òṣìṣẹ́ kan pàdé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wá ọkọ rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Òkú rẹ̀ ni wọ́n rí ní àfonífojì.

A kò sọ ìtàn yìí láti dá òkú lẹ́jọ́. Ọ̀mọ̀wé ni, ó fẹ́ràn Ìwé Mímọ́, ó sì ti wá sí ilẹ̀ náà ṣáájú. Ṣùgbọ́n oòrùn aginjù kò mọ bíṣọ́ọ̀bù yàtọ̀ sí ọmọ ìjọ. Ẹ fi ohun méjì sọ́kàn. Èkíní, kò sí ìrìn kékeré nínú aginjù: ìrìn àfẹ́ ọ̀sán kan ni wọ́n pè é. Èkejì, bí mọ́tò bá há, ó sàn kí a jókòó ní ibòji rẹ̀, kí a sì dúró de ìrànlọ́wọ́, ju kí a máa rìn káàkiri lọ. Àwọn tó ń wá ènìyàn a tètè rí mọ́tò ju ẹni kan ṣoṣo lọ.

3. YÍYAN Ọ̀NÀ TÓ YẸ WÁ

Ẹni tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ kì í tẹ́. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀nà mẹ́ta yẹ̀ wò, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó le.

(a) Éńgédì. Ibí yìí ni Dáfídì sá pamọ́ sí nígbà tí Sọ́ọ̀lù ń lé e. Ìjọba Ísírẹ́lì ti fi ibẹ̀ ṣe ọgbà ìpamọ́ fún igi àti ẹranko. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ nínú àfonífojì Dáfídì, láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta, jẹ́ bíi kìlómítà kan. Ẹni tí ara rẹ̀ dá lè rìn ín ní ìrọ̀rùn, bí ó bá jẹ́ àárọ̀ kùtùkùtù. Ṣùgbọ́n etí Òkun Òkú ló wà, ibi tó fi ohun tó lé ní 430 mítà rẹlẹ̀ ju òkun yòókù lọ. Ooru ibẹ̀ kò kéré.

(b) Màsádà. Odi tí Hẹ́rọ́dù kọ́ sórí òkè ni. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀nà Ejò gun òkè náà ní bíi 350 mítà, kò sì sí ibòji níbẹ̀. Bí ooru bá pọ̀ jù, àwọn alákòóso a máa ti ọ̀nà yìí. Ọkọ̀ kan wà tí okùn irin ń fà gòkè. Kò sí ìtìjú fún ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Ohun tí ẹni tó rìn rí lókè náà ni ẹni tó wọkọ̀ yóò rí.

(d) Òkè Sínáì. Gíga rẹ̀ jẹ́ 2,285 mítà. Láti ìdí ilé àwọn mọ́ǹkì ti Saint Catherine, tí wọ́n ti kọ́ láti nǹkan bí 1,400 ọdún ó lé, ọ̀nà méjì ni ó lọ sókè. Èkíní ni àtẹ̀gùn òkúta, 3,750 ni iye rẹ̀. Èkejì ni ọ̀nà ràkúnmí, tó rọrùn díẹ̀, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé 750 àtẹ̀gùn ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ti gun òkè Ìdànrè mọ bí àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ṣe ń rí lára. Ìgbẹ̀yìn Sínáì nìkan ju ìyẹn lọ. Òru ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gùn ún kí wọ́n lè rí oòrùn tó ń yọ. Ní ìgbà òtútù, omi a máa dì níbẹ̀. Àwọn Bedouin tó ń gbé ibẹ̀ ni amọ̀nà. Ẹ má ṣe gùn ún láìní wọn. Ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ ni ó sì máa ń dun orúnkún jù.

Báwo ni a ó ṣe mọ ìwọ̀n wa? Láti oṣù méjì ṣáájú, kí á máa rin ìrìn wákàtí kan nílé, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, pẹ̀lú bàtà tí a ó wọ̀ lọ gan-an. Bí a bá ń gun òkè tí a kò lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí hẹlẹhẹlẹ, ọ̀nà tó rọrùn ni kí á yàn. Bí ẹgbẹ́ bá sì ń lọ pọ̀, agbára ẹni tí ara rẹ̀ kò le jù ni kí wọ́n fi wọn ọ̀nà náà.

Kí a tó sanwó pàápàá, kí á béèrè bí àlàáfíà ìlú ṣe rí, nítorí ogun àti ìdàrúdàpọ̀ a máa ti àwọn ọ̀nà wọ̀nyí nígbà mìíràn.

4. OHUN TÍ A Ó GBÉ DÁNÍ

Omi. Nínú ooru líle, ẹni tó ń rìn lè nílò tó lítà kan ní wákàtí kan. Èyí tó omi ọ̀rá méjì tí a ń mu nílé. Inú ìgò ni kí ẹ gbé e sí, nítorí ọ̀rá a máa bẹ́ nínú àpò. Ẹ má dúró de òùngbẹ. Ẹ máa mu díẹ̀díẹ̀. Nílé, òógùn a máa lẹ aṣọ mọ́ wa lára. Nínú aginjù, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a fà á gbẹ lójú ẹsẹ̀, a ó sì rò pé a kò làágùn. Bí ìtọ̀ bá pọ́n, omi kò tó lára.

Oúnjẹ oníyọ̀. Iyọ̀ a máa bá òógùn lọ. Ẹ̀pà tí a fi iyọ̀ sí tàbí bisikíìtì dára láti jẹ pẹ̀lú omi náà.

Aṣọ. Ẹ fi aṣọ ẹgbẹ́ àti gèlè sílẹ̀ fún ìsìn. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gùn dé ọrùn ọwọ́, fìlà tó ní etí gbòòrò, àti bàtà tí a ń so ni ó yẹ. Fún Sínáì, ẹ fi súwẹ́tà tó nípọn àti iná tọ́ọ̀ṣì kún un.

Oògùn. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ rí dókítà rẹ̀ kí ó tó lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn a máa mú ni tọ̀ léraléra, èyí sì léwu nínú ooru. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ o.

Àkókò. Ẹ bọ́ sọ́nà ní kùtùkùtù, kí ẹ sì parí kí oòrùn tó gun àtàrí. Ẹ sọ fún ẹni tó wà nílé ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ ó padà.

5. ÀGBÀRÁ NÍNÚ AGINJÙ

Ó lè yà wá lẹ́nu pé omi ń pa ènìyàn nínú aginjù. Ilẹ̀ ibẹ̀ le, kò tètè fa omi mu. Òjò lè rọ̀ sórí òkè tó jìnnà, kí àgbàrá sì ya dé àfonífojì níbi tí òjò kankan kò ti rọ̀. Ẹ ka II Àwọn Ọba 3:16–20, ẹ ó rí i pé Èlíṣà ti sọ nípa àfonífojì tó kún fún omi láìsí ìjì tàbí òjò lójú àwọn tó wà níbẹ̀. Ní April 26, 2018, àgbàrá gbé àwọn ọ̀dọ́ tó ń rìn nínú àfonífojì Tzafit, nítòsí Òkun Òkú. Mẹ́wàá nínú wọn kú, mẹ́sàn-án sì jẹ́ ọmọbìnrin. Wọ́n ti kìlọ̀ nípa òjò lọ́jọ́ náà kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní àgbàrá òjò kò ní òun kò níí wólé, onílé ni kò níí gbà fún un. Bí wọ́n bá ní òjò ń bọ̀, ẹ má ṣe wọ àfonífojì, bí ó ti wù kí owó tí ẹ san pọ̀ tó.

6. BÍ ARA BÁ KỌ̀

Bí orí bá ń fọ́ arábìnrin kan, tí òòyì ń kọ́ ọ tàbí tó ń bì, kí gbogbo ẹgbẹ́ dúró. Kí wọ́n gbé e sí ibòji, kí wọ́n tú aṣọ rẹ̀, kí wọ́n fún un ní omi díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tó ṣubú, ooru ti wọ̀ ọ́ lára jù. Ẹ da omi sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ sì pe ìrànlọ́wọ́ kíákíá. Nọ́ńbà ọkọ̀ aláìsàn ní Ísírẹ́lì ni 101. Ní Íjíbítì, 123 ni. Ẹ má ṣe da omi sí ẹni tí kò mọ ara lẹ́nu.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá padà ní òun nìkan. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Ẹni tó bá sì sọ pé òun kò lè lọ mọ́, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà agbára lé e lórí kí ó lè dé òkè. Ẹ yìn ín pé ó sọ̀rọ̀, kí ẹ sì bá a sọ̀ kalẹ̀. Ọlọ́run tó wà lórí Sínáì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìgbàgbọ́ àti dídán Ọlọ́run wò?
2. Kí ló dé tí áńgẹ́lì fi bọ́ Èlíjà kí ó tó rán an lọ?
3. Bí ẹgbẹ́ wa bá ń rìnrìn àjò, ta ni yóò máa ka iye wa, ta ni yóò sì máa rìn pẹ̀lú ẹni tó rìn kẹ́yìn?
4. Nínú iṣẹ́ ìjọ níhìn-ín, ta ni ó ti rẹ̀ láàrin wa tí a kò tíì bi léèrè?

ÀDÚRÀ

Olúwa, ìwọ tí o fi kànga han Hágárì, la ojú wa kí a lè rí ohun tí o ti pèsè. Fún wa ní ọgbọ́n láti múra, àti ìrẹ̀lẹ̀ láti padà nígbà tó bá yẹ. Mú àwọn arìnrìn-àjò wa lọ, kí o sì mú wọn padà sílé ní àlàáfíà, nípa Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.