Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé Ẹgbẹ́: Ọgbọ́n Àtọwọ́dá àti Iṣẹ́ Títo Ìwé Lórí Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kan gbogbo ẹgbẹ́ tí ó ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó láti fi ra kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Àwọn tí ń to ìwé lórí kọ̀ǹpútà ni ó ń bá wa ṣe ìwé ìpè ìyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kálẹ́ńdà, póòsítà àti ìwé kíkà, kí iṣẹ́ náà tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó fi iṣẹ́ yìí jẹun, tí ó sì fi tọ́ ọmọ. Nísinsìnyí ọgbọ́n àtọwọ́dá ti dé, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní AI. Ìbéèrè tí ó wà níwájú ìgbìmọ̀ yín ni èyí: Ǹjẹ́ ó ṣì yẹ kí a yá ènìyàn lówó fún iṣẹ́ yìí? Bí iṣẹ́ náà bá kú, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ àti sí owó tí gbogbo wa fi pamọ́?

1. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣẹlẹ̀

Nígbà tí Àlùfáà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, ọwọ́ ni a fi ń ṣa lẹ́tà onírin kọ̀ọ̀kan jọ títí ojú ewé yóò fi kún. Ní 1886, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní New York bẹ̀rẹ̀ sí lo ẹ̀rọ Linotype, tí ó ń yọ́ òjé, tí ó sì ń fi ṣe odindi ìlà kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1985, ètò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ PageMaker jáde, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé LaserWriter ti Apple sì jáde ní ọdún kan náà. Láti ìgbà náà ni ẹnì kan ṣoṣo ti lè jókòó sídìí tábìlì kan, kí ó sì ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń pín ṣe tẹ́lẹ̀.

Ẹ kíyè sí i. Iṣẹ́ títo ìwé lórí kọ̀ǹpútà, tí a ń bẹ̀rù pé AI yóò gbà, òun náà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míràn.

2. Ìlú méjì, ọ̀nà méjì

Ní 1974, ẹgbẹ́ àwọn atolẹ́tà ní New York bá ìwé ìròyìn New York Times àti Daily News ṣe àdéhùn. Wọ́n gbà kí ẹ̀rọ tuntun wọlé. Àwọn ilé iṣẹ́ náà sì ṣèlérí pé a kò ní lé àwọn atolẹ́tà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà títí wọn yóò fi fẹ̀yìn tì.

Ní London, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní 1986, àwọn òṣìṣẹ́ News International daṣẹ́ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà lé wọn, iye wọn sì ju 5,000 lọ. Ó kó iṣẹ́ lọ sí Wapping, níbi tí ó ti to kọ̀ǹpútà sílẹ̀ dè wọ́n. Ìjà náà gbé ju ọdún kan lọ. Nígbà tí ó parí ní oṣù kejì 1987, wọn kò rí iṣẹ́ wọn gbà padà.

Ẹ̀rọ wọlé ní ìlú méjèèjì. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé àwọn ti New York ti fi ẹnu kò lórí ohun tí yóò jẹ́ tiwọn kí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ tán. Ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ṣómólú l'Ékòó tàbí ní Mọ̀kọ́lá n'Íbàdàn kò ní ọ̀gá tí yóò bá ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ní. Nítorí náà, inú ìpàdé ẹgbẹ́ ni ó yẹ kí a ti sọ ọ̀rọ̀ yìí.

3. Apá tí ó ń lọ

ChatGPT jáde fún gbogbo ènìyàn ní oṣù kọkànlá 2022. Ní 2023, ilé iṣẹ́ Adobe, tí ó ni Photoshop àti InDesign, gbé AI tirẹ̀ tí ń jẹ́ Firefly jáde, ó sì fi í kún Photoshop. Canva náà kò gbẹ́yìn. Ènìyàn lè kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, kí ẹ̀rọ sì ya àwòrán, kí ó kọ ìpolówó, kí ó to póòsítà sí oríṣiríṣi ọ̀nà fún un láti yàn. Oníbàárà tí ó máa ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù nítorí póòsítà kékeré lè ṣe é lórí fóònù nílé. Kí a má tan ara wa jẹ: apá iṣẹ́ yìí ń lọ, a kò sì gbọ́dọ̀ yá owó lé e lórí bí ẹni pé yóò padà.

4. Apá tí ó kù

AI kò mọ ohun tí ó ń sọ bí ènìyàn ti í mọ̀ ọ́n. Ó ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé àti àwòrán, ó sì ń fi wọ́n méfò ohun tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e. Níbi tí ìwé kò ti pọ̀ tó fún un láti kọ́, bí èdè Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, ó máa ń ṣì í. Bí ìwé ètò ìsìnkú bá kọ “ọkọ̀ olóògbé” níbi tí ó yẹ kí ó kọ “ọkọ olóògbé”, ó ti sọ baálé ilé di mọ́tò. Ojú kò ní ti ẹ̀rọ. Ẹbí ni ojú yóò tì. AI tún lè kọ ọjọ́ ìbí tàbí oyè tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀ràn ìwé títẹ̀. Àwọ̀ tí ń tàn lójú kọ̀ǹpútà kì í rí bákan náà bí a bá fi tádàwà tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ń ṣe ìwé olójú ewé 16 gbọ́dọ̀ mọ bí ojú ewé yóò ti tò lẹ́yìn tí a bá ká a, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀bẹ tí yóò gé e.

Iṣẹ́ tí ó kù, nígbà náà, ni iṣẹ́ ẹni tí yóò dáhùn fún ìwé náà: ẹni tí yóò kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tí yóò fi han ẹbí kí ó tó tẹ̀ ẹ́, tí yóò sì tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bí àṣìṣe bá ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè lo AI kí iṣẹ́ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n kò ní fi orúkọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

5. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀

Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan yá ₦600,000 fún oṣù 12, èlé rẹ̀ sì jẹ́ ₦60,000. Yóò san ₦660,000, èyí tí í ṣe ₦55,000 lóṣooṣù.

Bí ó bá ń jèrè ₦3,000 lórí póòsítà kan, póòsítà 19 ni yóò ṣe lóṣù kí ó tó rí owó ẹgbẹ́ san. Bí èrè náà bá já sí ₦1,500 nítorí pé oníbàárà lè ṣe é fúnra rẹ̀, yóò di póòsítà 37. Ọmọ ẹgbẹ́ náà kò ya ọ̀lẹ o; iye owó iṣẹ́ ni ó já. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú àti ìwé kíkà, tí ó ń jèrè ₦15,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ 4 péré lóṣù ti tó san án. Orúkọ kan náà ni iṣẹ́ méjèèjì ń jẹ́ nínú ìwé ìtọrọ owó. Ìgbìmọ̀ tí kò bá béèrè kò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

6. Ohun tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ ṣe

(a) Kí ìgbìmọ̀ béèrè àkọsílẹ̀ iṣẹ́ oṣù 6 tí ó kọjá lọ́wọ́ ẹni tí ń tọrọ owó. Kí a fàlà sídìí iṣẹ́ tí oníbàárà lè fi fóònù ṣe, kí a má sì kà á mọ́ ohun tí yóò fi san owó.

(b) Kí onígbọ̀wọ́ rí àkọsílẹ̀ náà kí ó tó fọwọ́ sí i.

(d) Kí a yá owó fún ẹ̀kọ́ pẹ̀lú, kì í ṣe fún ẹ̀rọ nìkan: ẹ̀kọ́ àmì ohùn, ìwé yíyẹ̀wò, ìwé dídì, àti lílo AI pẹ̀lú ìṣọ́ra.

(e) Kí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà pawọ́ pọ̀ ra ẹ̀rọ ńlá, bí ẹ̀rọ ìgéwé, kí wọ́n jọ máa lò ó. Àwọn ènìyàn 28 tí ó dá ẹgbẹ́ Rochdale sílẹ̀ ní England ní 1844 ní àwọn ahunṣọ nínú, ẹ̀rọ sì ti fọ́ ọjà iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Wọ́n kó owó díẹ̀díẹ̀ jọ, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ọmọ ẹgbẹ́ mélòó ni ó jẹ wá lówó lórí kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé? Iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n ń fi san án?
2. Bí èrè ọ̀kan nínú wọn bá já sí ìdajì, báwo ni a ó ṣe ràn án lọ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ tó kan onígbọ̀wọ́?
3. Ẹ̀rọ wo ni a lè jọ rà?

Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn yín sínú ìwé ìpàdé. Nígbà tí a bá wá yẹ ìwé yín wò, a óò béèrè fún un. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ire o.