Ẹ̀kọ́ Kejìlá: “A Ti Borí!” Ta Ni “A”?

Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí dá lé

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ó kọ́ bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ó kọ́ ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ pé ikọ̀ kan borí, pé ó pàdánù, tàbí pé kò sẹ́ni tó borí. Lẹ́yìn náà, ẹ ó wo ọ̀rọ̀ kékeré kan, “a”, tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nílé ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gbé lókè òkun.

Kí ẹ tó kàwé

Ẹ bá ẹni tó jókòó tì yín sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè méjì yìí.

1. Ikọ̀ orílẹ̀-èdè wo ni ẹ máa ń tì lẹ́yìn? Ta ló kọ́kọ́ mú yín mọ̀ ọ́n?
2. Bí ikọ̀ náà bá borí, ṣé “a borí” ni ẹ máa ń sọ, àbí “wọ́n borí”? Bí ó bá pàdánù ńkọ́?

Àyọkà

*1. Òǹwòran tí kì í wòran lásán*

Ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù dé ọkàn kì í wò ó bí ẹni ń wo fíìmù. Ó jókòó sí pálọ̀, ó sì ń pàṣẹ fún agbábọ́ọ̀lù tó wà ní ìlú mìíràn: “Gbá a! Fún un! Kí lò ń wò?” Agbábọ́ọ̀lù náà kò gbọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún òǹwòran pé kó dákẹ́? Bí ikọ̀ rẹ̀ bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé nígbà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà náà ni yóò dúró sí títí eré yóò fi parí, kí oríire má baà bá a kúrò níbẹ̀.

Aago kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ní ọdún 1994, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbá a. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, nígbà tí ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lẹ́ ní Dallas, òru ti jìn ní Ìbàdàn. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn kò sùn. Wọ́n ń wo bí Rashidi Yekini ṣe gbá góòlù tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gbá wọlé nínú ìdíje náà. Yekini sáré wọ inú ilé góòlù, ó di àwọ̀n mú, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú rẹ̀, ó sì ń sunkún. Góòlù mẹ́ta sí òdo ni Nàìjíríà fi borí Bulgaria. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí yín tó ti dàgbà nígbà náà. Ó ṣeé ṣe kí ó rántí yàrá tó wà àti ẹni tó jókòó tì í.

Ní ọdún 1996, ní ìdíje Òlíńpíìkì tó wáyé ní Atlanta, Nàìjíríà àti Bràsíl pàdé ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Bràsíl ti gbá mẹ́ta wọlé, Nàìjíríà sì ní ẹyọ kan péré. Ìtàn tí ẹ ó gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbà ni pé àwọn kan pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n lọ sùn, ariwo aládùúgbò ló sì jí wọn. Eré náà ti di mẹ́ta sí mẹ́ta, Nwankwo Kanu sì ti gbá ìkẹrin wọlé ní àfikún àkókò. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ, Nàìjíríà fi mẹ́ta sí méjì borí Argẹntínà, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ wúrà. Láti ìgbà náà, olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù tó mọ ìtàn yìí kì í tètè pa tẹlifíṣọ̀n.

*2. Ọ̀rọ̀ tó ti wà kí bọ́ọ̀lù tó dé*

Bọ́ọ̀lù jẹ́ àlejò nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ìdíje kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Àwọn baba ńlá wa ti ń ta ayò, wọ́n sì ti ń ja ìjàkadì. Ìdí nìyẹn tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n fi rí ọ̀rọ̀ lò nígbà tí bọ́ọ̀lù dé. Ẹ wo àwọn wọ̀nyí:

- ayò: eré tí a ń ta nínú ọpọ́n. Lónìí, ó tún ń dúró fún góòlù. “Àmì ayò mẹ́ta sí méjì ni wọ́n fi borí.”
- ọ̀mì: ìparí eré tí kò sẹ́ni tó borí. “Ọ̀mì ni wọ́n gbá.”
- fi ẹ̀yìn ẹnìkan gbálẹ̀: ọ̀rọ̀ ìjàkadì ni. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ti ṣubú.
- fàgbà han ẹnìkan: láti jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ jù ú lọ. “Nàìjíríà fàgbà han Bulgaria.”
- nà: ẹni tó borí ló na ẹni kejì. “A nà wọ́n.”
- akọ́nimọ̀ọ́gbá: ẹni tó ń kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù bí wọn yóò ṣe gbá a. Òun náà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bú.
- aṣọ́lé: ẹni tó ń ṣọ́ ilé góòlù.
- àṣekágbá: eré tó kẹ́yìn ìdíje, èyí tí a fi ń mọ ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

*3. “A” àti “wọ́n”*

Ẹ tẹ́tí sí olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù lẹ́yìn eré. Bí ikọ̀ rẹ̀ bá borí, yóò ní: “A nà wọ́n!” Kò fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, kò sì kúrò lórí àga, síbẹ̀ “a” ló sọ. Bí ikọ̀ kan náà bá pàdánù ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, yóò ní: “Wọn ò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ò mọ nǹkan kan.” “A” ti di “wọ́n”. Ikọ̀ kò yí padà o. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló yọ ara rẹ̀ kúrò.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni a fi lè mọ alátìlẹ́yìn tòótọ́. Ẹni tó bá lè la ẹnu sọ pé “wọ́n nà wá”, tí kò sá kúrò nínú “wa” ní ọjọ́ ìtìjú, òun ni alátìlẹ́yìn.

Fún ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, Toronto tàbí Houston, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn òbí yín ń sọ “a” nípa Nàìjíríà. Àwọn ọ̀rẹ́ yín nílé ìwé ń sọ “a” nípa orílẹ̀-èdè tí ẹ ń gbé. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 2018, Nàìjíríà àti England pàdé ní pápá Wembley. Góòlù méjì sí ẹyọ kan ni England fi borí. Alex Iwobi ló gbá ẹyọ kan ti Nàìjíríà wọlé. Èkó ni wọ́n bí i sí, Lọ́ńdọ̀nù ló dàgbà sí, ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ ọ̀dọ́ England kí ó tó yan Nàìjíríà. Yorùbá ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ibi tí òkò máa bọ́ sí tí kò ní ba ará ilé.

*4. “Ọmọ wa”*

Nígbà míì tí ẹ bá ń wo bọ́ọ̀lù, ẹ ka orúkọ tó wà lẹ́yìn aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá yóò rí ohun tí ọ̀pọ̀ òǹwòran kò rí.

- Bukayo Saka: Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, England ló sì ń gbá fún. Bùkáyọ̀ ni “bù kún ayọ̀”. Àwọn orúkọ rẹ̀ yòókù ni Ayọ̀yínká, “ayọ̀ yí mi ká”, àti Tèmídayọ̀, “tèmi di ayọ̀”. Orúkọ mẹ́ta, ayọ̀ mẹ́ta.
- Fikayo Tomori: Kánádà ni wọ́n bí i sí, ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù fún England. “Olúwa fi kún ayọ̀ mi” ni orúkọ rẹ̀. Ẹ fi “fi kún” wé “bù kún” tó wà lókè.
- Folarin Balogun: New York ni wọ́n bí i sí, Lọ́ńdọ̀nù ló dàgbà sí, Amẹ́ríkà ló yàn. Fọlárìn ni “fi ọlá rìn”. Balógun ni olórí ogun.
- Ademola Lookman: Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí. Ó bá ikọ̀ ọ̀dọ́ England gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní 2017, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ló padà yàn. Nínú Adémọ́lá, ẹ ó rí “adé” àti “ọlá”. Òun ni agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù ní Áfíríkà ní ọdún 2024.

Òfin gbà kí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí orílẹ̀-èdè méjì yan ọ̀kan, kódà bó bá ti gbá fún ikọ̀ ọ̀dọ́ ìkejì. Ṣùgbọ́n aṣọ kan ṣoṣo ni yóò wọ̀ wọ pápá. Ṣé ẹni tó bá wọ aṣọ England kì í ṣe ọmọ Yorùbá mọ́ ni?

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2021. England àti Ítálì gbá ọ̀mì, ẹyọ kan sí ẹyọ kan, ní àṣekágbá ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù. Ó di pẹnáritì. Saka, ọmọ ọdún 19, ló gbá èyí tó kẹ́yìn fún England, aṣọ́lé Ítálì sì gbá a dànù. Kò pẹ́ rárá tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sí òun àti Marcus Rashford àti Jadon Sancho tí àwọn náà pàdánù pẹnáritì tiwọn. Lẹ́nu àwọn eléèébú yìí, ẹni tó jẹ́ “wa” nígbà tí England na Denmark lọ́jọ́ mẹ́rin ṣáájú ti di àjèjì.

Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ń sọ pé: “Ẹ fi ọmọ wa sílẹ̀!” Ẹni tó sọ ọ́ lè má ti England lẹ́yìn rí láyé rẹ̀. Ó tiẹ̀ lè ti máa gbàdúrà kí Ítálì borí. Ṣùgbọ́n “a” jẹ́ ti ikọ̀, “ọmọ wa” jẹ́ ti ẹbí. Ènìyàn lè sọ pé “a ó nà wọ́n lónìí”, kí ó sì nawọ́ sí ẹnìkan láàárín “wọn” pé “ọmọ wa nìyẹn”. Yorùbá kò rí àtakò kankan níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2024, England àti Switzerland pàdé nílẹ̀ Jámánì. Saka ló gbá góòlù tó sọ eré náà di ọ̀mì. Nígbà tó di pẹnáritì, ó tún jáde, ó sì gbá tirẹ̀ wọlé. England borí. Ayọ̀ kún ayọ̀.

Ìtàkùrọ̀sọ

*Lọ́ńdọ̀nù ni, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Àwọn obìnrin Nàìjíríà àti ti England fẹ́ pàdé nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Brisbane, nílẹ̀ Ọsirélíà. Bàbá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ wà níwájú tẹlifíṣọ̀n.*

Ọmọ: Ẹ káàárọ̀, Dádì. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ti lù. Ṣé ẹ ò lọ síbi iṣẹ́ ni?

Bàbá: Iṣẹ́ ò ní sá lọ. Aṣọ wo lo wọ̀ yẹn? Ti England? Nínú ilé mi?

Ọmọ: Ẹ má bínú, Dádì. Ẹ wo orí mi: gèlè aláwọ̀ ewé àti funfun ni mo wé.

Bàbá: O fẹ́ jẹ méjì lábà Àlàdé. Jókòó, jàre, má dí mi lójú.

*(Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀)*

Ọmọ: Yéè! Plumptre! Ó ba igi òkè!

Bàbá: Igi ló gbà wọ́n sílẹ̀. À bá ti jẹ ayò kan.

Ọmọ: Dádì, ṣé ẹ mọ̀ pé Leicester ni wọ́n bí i sí? Ó ti gbá fún ikọ̀ ọ̀dọ́ England rí. Bàbá àgbà rẹ̀ ló jẹ́ ọmọ Nàìjíríà.

Bàbá: Ṣé o rí i? Mo ti ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ látàárọ̀. Ọmọ wa ni.

*(Eré parí sí ọ̀mì, òdo sí òdo. Wọ́n gbá pẹnáritì.)*

Ọmọ: Ó ti parí. Mẹ́rin sí méjì.

Bàbá: Wọ́n nà wá.

Ọmọ: Ẹ pẹ̀lẹ́, Dádì. Àwọn obìnrin wa gbìyànjú gan-an ni.

Bàbá: “Wa” kẹ̀? Ìwọ tó wọ aṣọ England?

Ọmọ: Àwa la borí, àwa náà la pàdánù.

Bàbá: Ìwọ ọmọ yìí! Lọ gbé omi tíì kaná.

*Àlàyé:* “A kì í jẹ méjì lábà Àlàdé” ni Yorùbá ń sọ fún ẹni tó fẹ́ mú nǹkan méjì níbi tó yẹ kó ti mú ẹyọ kan.

Àkíyèsí lórí gírámà

1. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ni “a”. Bí ó bá jẹ́ àbọ̀, ó di “wa”. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn òkè, ohùn àárín ni a ń fi pè é: *wọ́n rí wa*. Lẹ́yìn olóhùn ìsàlẹ̀ tàbí àárín, ohùn òkè ni: *wọ́n nà wá*, *wọ́n jẹ wá*.
2. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé “nà”, ohùn rẹ̀ yí padà: *Nàìjíríà na Argẹntínà*.
3. Bí ẹ bá fẹ́ tẹnu mọ́ ọn, ẹ lo “àwa” pẹ̀lú “ni”: *Àwa ni a borí*, tí a sábà máa ń sọ pé *Àwa la borí*.
4. Nínú òwe, “a” kì í ṣe ti ẹnìkan. Gbogbo ènìyàn ni: *Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.*

Ìdánrawò

1. Kí ló dé tí àyọkà sọ pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ “ló yọ ara rẹ̀ kúrò”?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín “a” àti “ọmọ wa”? Ẹ fi àpẹẹrẹ kan láti inú ìtàkùrọ̀sọ ti ìdáhùn yín lẹ́yìn.
3. Ẹ wá ibi tí ọmọ náà ti fi ọ̀wọ̀ hàn fún bàbá rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó lò.
4. Òǹròyìn ló kọ ìpínrọ̀ yìí. Ẹ tún un kọ bí alátìlẹ́yìn Nàìjíríà, kí ẹ lo “a” àti “wa”. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ bí alátìlẹ́yìn Mòrókò tí kò sá kúrò nínú “wa”:

   *Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn obìnrin Nàìjíríà pàdé Mòrókò ní Rabat ní àṣekágbá ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà. Mòrókò kọ́kọ́ gbá méjì wọlé. Nàìjíríà kò sọ ìrètí nù. Wọ́n gbá mẹ́ta wọlé, wọ́n sì gba ife náà fún ìgbà kẹwàá.*

5. *Iṣẹ́ àṣetiléwá.* Ẹ pe àgbàlagbà kan nínú ẹbí yín lórí fóònù. Ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì béèrè eré bọ́ọ̀lù kan tí kò lè gbàgbé. Ẹ kọ ìtàn náà sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Ẹ fa ìlà sí abẹ́ gbogbo “a”, “wa” àti “wọ́n” tó bá lò. Ní kíláàsì, ẹ ó sọ fún wa ta ni “a” rẹ̀, àti bóyá ẹ̀yin náà wà nínú rẹ̀.