Ṣé Wọ́n Fẹ́ Rán Ọmọ Mi Wá Jagun ní Nàìjíríà?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé ní California ti wọ National Guard ti Amẹ́ríkà. Nọ́ọ̀sì ni, ó ní òun kò sì fi iṣẹ́ òun sílẹ̀. Ó wá sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn àti ọmọ ogun Nàìjíríà ní àjọṣe. Láti ọjọ́ náà ni oorun ò ti kùn mí mọ́. Ṣé wọ́n fẹ́ wá tẹ̀dó sílẹ̀ wa ni? Ṣé wọn ò ní fi ọmọ mi sójú ogun?
Abiyamọ kan, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Màmá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ti Nàìjíríà yìí.

Àwọn National Guard, ọ̀pọ̀ wọn ló ní iṣẹ́ òòjọ́ bíi ti ọmọ yín. Òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù àti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ ogun. Bí iná igbó bá ń jó tàbí omíyalé bá dé, gómìnà ìpínlẹ̀ wọn ló ń pè wọ́n. Ààrẹ náà lè pè wọ́n.

Àjọṣe tó ń sọ ni wọ́n ń pè ní State Partnership Program. Ọdún 1993 ló bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí Soviet Union túká, tí Estonia, Latvia àti Lithuania ń tún iṣẹ́ ológun wọn tò. Maryland mú Estonia lọ́rẹ̀ẹ́, Michigan mú Latvia, Pennsylvania mú Lithuania. California àti Nàìjíríà di ọ̀rẹ́ ní 2006. North Dakota ló mú Ghana ní 2004, òun náà ló sì mú Togo àti Benin ní 2014.

Nínú àjọṣe yìí, wọn kì í kọ́ bárékè. Àwọn díẹ̀ á wá fún ọjọ́ mélòó kan, dókítà ológun, àwọn tó ń tún bàálù ṣe, àwọn tó mọ̀ nípa àjálù. Wọ́n á jọ fikùnlukùn, wọ́n á padà sílé. Tiwa náà ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ṣọ́jà gidi a máa ṣí kiri, ṣùgbọ́n ará ìpínlẹ̀ ni National Guard. Ẹni tí ẹ mọ̀ nígbà tó jẹ́ ọ̀gá kékeré lè di ọ̀gágun lójú yín. Bí àwa bá ń ṣí àwọn tiwa tó ti mọ̀ wọ́n nípò lójoojúmọ́, asán ni àǹfààní yẹn.

Ẹ wo Ukraine. Láti 1993 ni California ti jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn. Nígbà tí Rọ́ṣíà ya wọ ilẹ̀ wọn ní February 2022, wọ́n ti ní ojúlùmọ̀ tí wọ́n lè pè. Síbẹ̀, Amẹ́ríkà ò rán ọmọ ogun lọ bá wọn jà. Ọ̀rẹ́ tó ń kọ́ni níṣẹ́ ni, kì í ṣe ẹni tó ń báni jagun.

Mi ò ní tàn yín, Màmá: National Guard lọ sí Iraq àti Afghanistan, àṣẹ Ààrẹ lè gbé ọmọ yín náà jìnnà. Àmọ́ kì í ṣe nítorí àjọṣe yìí. Ẹ pè é lọ́jọ́ ìsinmi, kí ẹ bi í pé iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n fi í sí nínú National Guard, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún yín dáadáa.