Iyọ̀, Igi Ẹ̀gbà àti Odò Ààlà: Ẹ̀kọ́ lórí Ìrànlọ́wọ́ Aládùúgbò

Ọ̀ràn tí a mú wá ní oṣù yìí jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ti àwọn ọ̀mọ̀wé àti ti àwọn ìjọba ńláńlá nìkan. Ọ̀ràn náà ni bí àwọn ará ìlú kéékèèké ṣe lè dín gáàsì kábọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tú sí inú afẹ́fẹ́ kù, àti bí àwọn tí ó wà ní òdì-kejì ààlà ṣe lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn obìnrin oníyọ̀ ti etí òkun Bénin ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi igi dá iná rí yóò mọ ohun tí à ń wí.

Èkíní: Kí ni gáàsì yìí?

Gbogbo igi tí ń dàgbà ni ó ń fi ewé rẹ̀ fa gáàsì kábọ́ọ̀nù láti inú afẹ́fẹ́, tí ó sì ń sọ ọ́ di ara rẹ̀. Nígbà tí a bá fi iná sí igi náà, gáàsì yìí a tún padà sí inú afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni èédú tí a wà láti inú ilẹ̀, àti epo rọ̀bì tí a fi ń ṣe bẹntiróò àti epo dísù: ohun tí ó ti sùn sí abẹ́ ilẹ̀ láti ìgbà láéláé ni a ń jí dìde nígbà tí a bá sun wọ́n. A kò lè fi ojú rí gáàsì yìí, ṣùgbọ́n ó bo ayé bí aṣọ ìbora. Ó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ooru jáde tó bí ó ti yẹ.

Ní nǹkan bí ọdún 1750, kí ẹ̀rọ tó pọ̀ ní Yúróòpù, bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 280 ni ó jẹ́ ti gáàsì yìí. Nísinsìnyí ó ti ju 420 lọ. Nítorí èyí ni ooru ṣe ń pọ̀ sí i, tí òkun sì ń ga sí i ní etí ilẹ̀. Kò sí asọ́bodè tí ó lè dá afẹ́fẹ́ dúró kí ó bi í pé níbo ni ó ti ń bọ̀. Àwọn àgbà wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn ní òru. Nínú ọ̀ràn yìí, gbogbo ayé ni ará ilé.

Èkejì: Àwọn obìnrin oníyọ̀

Láti Ouidah lọ sí Grand-Popo, ọ̀sà wà ní ẹ̀yìn iyanrìn etí òkun, omi rẹ̀ sì dà pọ̀ mọ́ ti òkun. Ní etí ọ̀sà yìí ni igi ẹ̀gbà ń hù, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ nà sí òde, tí ó sì tẹ ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ alákàn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn, iyọ̀ a máa hàn funfun ní ojú ilẹ̀. Àwọn obìnrin a ha erùpẹ̀ náà jọ, wọn a kó o sí inú agbọ̀n, wọn a da omi sí i, wọn a sì gbe ohun tí ń kán ní ìsàlẹ̀. Omi iyọ̀ tí ó le ni èyí. Wọn a gbé e ka iná, wọn a sì máa fi igi kún igi títí omi yóò fi gbẹ tán, tí iyọ̀ nìkan yóò ṣẹ́kù.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Kí àwọn Òyìnbó tó gba ilẹ̀ náà ni a ti ń ru iyọ̀ etí òkun yìí lọ sí ìlú òkè fún títà. Ṣùgbọ́n igi ni ó ń jẹ, igi tí ó sì súnmọ́ tòsí ni ẹ̀gbà.

Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí ohun tí ń sọnù nígbà tí a bá gé e. Àárín gbòǹgbò rẹ̀ ni ọmọ ẹja ti ń sá pamọ́ títí yóò fi dàgbà. Òun náà ni ó ń di ẹrẹ̀ mú kí omi má baà gbé etí ilẹ̀ lọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ewé àti gbòǹgbò tí ó kú sí inú ẹrẹ̀ ẹ̀gbà kì í tètè jẹrà, nítorí pé afẹ́fẹ́ kò dé ibẹ̀. Nítorí náà kábọ́ọ̀nù ń wà níbẹ̀ láti ìran dé ìran. Ní ọ̀pọ̀ ibi, héktà kan igbó ẹ̀gbà a máa tọ́jú kábọ́ọ̀nù ju héktà kan igbó orí ilẹ̀ gbígbẹ lọ, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà ní abẹ́ ẹrẹ̀. Bí a bá gé igi náà, tí ẹrẹ̀ sì gbẹ, kì í ṣe igi inú ààrò nìkan ni a sun. A ṣí àká tí ó wà ní abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ǹjẹ́ a ha lè dá obìnrin oníyọ̀ lẹ́bi bí? Owó iyọ̀ ni ó fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Gbogbo èéfín ààrò rẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, ọkọ̀ ilẹ̀ àti ọkọ̀ òfuurufú àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀. Síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ ni òkun ti kọ́kọ́ ń kàn. Ẹni tí ó bá wí fún un pé, “Má ṣe gé igi mọ́,” tí kò sì fi ọ̀nà mìíràn hàn án, kò ràn án lọ́wọ́. Ó fi ebi kún ìyọnu rẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹta: Àwọn oníyọ̀ tí ó wá láti òkè òkun

Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ìlú kan wà tí à ń pè ní Guérande. Ó ti ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń da omi òkun sí inú adágún tí wọ́n fi amọ̀ ṣe, tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ sì ń gbẹ ẹ́ di iyọ̀. Àwọn náà mọ ohun tí ó jẹ́ kí iṣẹ́ ẹni fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ní nǹkan bí 1970, àwọn kan fẹ́ sọ ilẹ̀ iyọ̀ wọn di ibi ìgbafẹ́ àti èbúté ọkọ̀ afẹ́. Àwọn oníyọ̀ kọ̀, wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀.

Lára àwọn oníyọ̀ wọ̀nyí ni àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ Univers-Sel sílẹ̀, tí wọ́n sì rékọjá òkun lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Bénin, ní Guinea àti ní Guinea-Bissau. Ohun tí wọ́n fi kọ́ni kì í ṣe ẹ̀rọ ńlá. A ó tẹ́ tapólì, èyíinì ni ọ̀rá líle tí ó fẹ̀, sí orí ilẹ̀ títẹ́jú. A ó gbé etí rẹ̀ sókè díẹ̀. A ó sì da omi iyọ̀ sí i kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ yóò gbẹ omi náà, a ó sì gbá iyọ̀ jọ. Igi kò sí níbẹ̀, èéfín kò sí ní ojú, obìnrin kò sì tún ní láti rin ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ẹrù igi ní orí.

Ẹ kíyèsí i dáradára: ìmọ̀ tí àwọn obìnrin náà ní láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wọn kò di asán. Àwọn ni wọ́n mọ ilẹ̀ tí a lè ha, tí wọ́n sì mọ bí a ti ń sẹ́ omi rẹ̀. Iná nìkan ni a mú kúrò. Oníyọ̀ ni ó bá oníyọ̀ sọ̀rọ̀, nítorí náà ni ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ etí.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ pa òtítọ́ mọ́. Owó ni a fi ń ra tapólì; tapólì a sì máa gbó, a máa ya. Bí òjò bá rọ̀, iṣẹ́ ọjọ́ náà bàjẹ́. Bí kò bá sí owó láti ra òmíràn, obìnrin náà yóò tún padà sí ìdí àáké. Ní Bénin, iná igi kò tí ì kú tán ní ìdí iyọ̀. Ìrànlọ́wọ́ tí ó bá parí ní ọjọ́ tí a pín tapólì àkọ́kọ́ kò tí ì di ìrànlọ́wọ́.

Ẹ̀kẹrin: Odò Mono

Ó kù síbì kan. Ní agbègbè Grand-Popo ni odò Mono wà, tí ó ti Tógò ṣàn wá sí òkun. Ní 1897, Faransé àti Jámánì jókòó ní Paris, wọ́n sì fi apá ìsàlẹ̀ odò yìí ṣe ààlà láàárín ilẹ̀ tí wọ́n gbà. Àwọn ará ìhà ìhín àti ti ọ̀hún jẹ́ ìbátan ara wọn, wọ́n sì ń ná ọjà kan náà. Bí Bénin nìkan bá ṣe òfin pé kí a má gé ẹ̀gbà, tí Tógò kò sì ṣe é, àáké yóò wọ ọkọ̀ ojú omi, yóò sì kọjá sí òdì-kejì. Igi ìhín yóò bọ́, ti ọ̀hún yóò kú.

Nítorí náà ni ilẹ̀ méjèèjì ṣe pa ọwọ́ pọ̀. Ní 2017, àjọ UNESCO gba agbègbè ìsàlẹ̀ odò Mono gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ìpamọ́ kan ṣoṣo tí ó kọjá ààlà, fífẹ̀ rẹ̀ sì lé ní 346,000 héktà. A kò lé àwọn ènìyàn jáde níbẹ̀. Apá kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn. Apá mìíràn wà tí a ń dáko, tí a sì ń pẹja nínú rẹ̀. Jámánì, tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú pípín odò náà ní 1897, wà lára àwọn tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti so ó pọ̀.

Ní àwọn ìletò kan ní Bénin, àwọn ará ìlú fi igbó ẹ̀gbà sí abẹ́ èèwọ̀ Zangbéto, kí ẹnikẹ́ni má baà gé e. Àwa lè má gba ìgbàgbọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí a kò lè sẹ́: òfin tí àwọn ará ìlú fúnra wọn fi ohùn ṣọ̀kan sí ni ó ń dúró nígbà tí ọlọ́pàá kò sí ní tòsí.

Ẹ̀karùn-ún: Ohun tí ó kàn wá

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà jíjìn ni èyí. Ẹ̀gbà ń hù ní etí ọ̀sà Èkó àti ní ilẹ̀ Ìlàjẹ pẹ̀lú, igi ni ọ̀pọ̀ ìyá wa sì fi ń yan ẹja níbẹ̀. Ààlà tí ó wà láàárín Badagry àti Porto-Novo, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n fà á ní 1889; omi ọ̀sà kò gbọ́ nípa rẹ̀ títí di òní.

Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí ń wí ni pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Ọlọ́rọ̀ tí ó ti sun èyí tí ó pọ̀ jù nínú epo ayé jẹ gbèsè owó àti ìmọ̀. Aládùúgbò jẹ gbèsè òfin kan náà ní ìhà méjèèjì odò. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó wà ní ìdí ààrò ni ó ni iṣẹ́, àfi bí èrè náà bá sì dé ọwọ́ rẹ̀ ni iná náà yóò kú.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Èéṣe tí ẹrẹ̀ ẹ̀gbà fi lè pa kábọ́ọ̀nù mọ́ pẹ́ ju ilẹ̀ gbígbẹ lọ?
2. Kí ni àwọn oníyọ̀ Guérande yí padà nínú iṣẹ́ àwọn obìnrin náà, kí sì ni wọn kò yí padà?
3. Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ ran àwọn ìyá tí ń yan ẹja lọ́wọ́ láti dín igi kù, ta ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ bi léèrè, ta ni yóò sì san owó rẹ̀ ní ọdún kejì?
4. Dárúkọ odò, ọ̀sà tàbí igbó kan tí ó wà láàárín ìlú yín àti ìlú mìíràn. Ǹjẹ́ òfin ìlú méjèèjì lórí rẹ̀ bá ara wọn mu?

Kí olùkọ́ jẹ́ kí àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kẹta, nítorí pé àwọn ni wọ́n mọ iye tí ìdì igi kan ń jẹ́ ní ọjà.