Ibà Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀: Ẹ̀kọ́ Lórí Àrùn Brucellosis

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà tí a máa ń gbà, nítorí kì í ṣe orí àlùwàlá tàbí orí ìrun la ó ti sọ̀rọ̀. Orí àìsàn kan ni, èyí tí ènìyàn lè máa gbé kiri lára fún ọ̀pọ̀ oṣù láì mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè é ní brucellosis. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní al-hummaa al-maalitiyyah, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe ibà Malta. Ní ilẹ̀ Lárúbáwá, níbi tí àwọn kan ti ń mu mílíìkì ràkúnmí láì sè é, àìsàn yìí kì í ṣe àjèjì rárá. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbèrò Hájì tàbí Úmúrà, ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹnikẹ́ni bá gbé igbá rẹ̀ wá fún yín lẹ́bàá ọ̀nà.

Ní Mopa níhìn-ín àti ní gbogbo ilẹ̀ Ọ̀kun, láti Kabba dé Isanlu àti Egbe, orúkọ méjì péré la máa ń fún ibà: ibà ẹ̀fọn àti tàífọ́ọ̀dù. Ara gbóná lónìí, a lọ sí kẹ́mísì, wọ́n fún wa ní oògùn ibà. Kò lọ tán, wọ́n ní tàífọ́ọ̀dù ni, wọ́n gún wa lábẹ́rẹ́. Ara yá fún ọ̀sẹ̀ kan, ó tún padà. Ó lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn lóòótọ́, nítorí ẹ̀fọn kò jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n ibà tí a ti tọ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín oṣù díẹ̀ tí kò gbọ́, ó yẹ kí á bi í bóyá ó ní orúkọ mìíràn.

Ìtàn bí wọ́n ṣe rí kòkòrò rẹ̀ kọ́ni lọ́gbọ́n. Erékùṣù kan ni Malta, láàárín òkun tó wà ní agbede méjì ilẹ̀ Ítálì àti Líbíà. Nígbà tó wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ibà kan ń dá àwọn ọmọ ogun wọn dùbúlẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní 1887, David Bruce, dókítà àwọn ológun, ròyìn kòkòrò tó rí nínú ọlọ inú àwọn tí ibà náà pa. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ àìsàn náà. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti ń wá títí di 1905, nígbà tí Themistocles Zammit, dókítà ọmọ Malta fúnra rẹ̀, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ewúrẹ́ wò. Ewúrẹ́ tí ara wọn ń dán, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń mu, ni kòkòrò náà wà lára wọn, tó sì ń bá mílíìkì wọn jáde. Wọ́n fi òfin de mílíìkì ewúrẹ́ fún àwọn ọmọ ogun ní 1906, ibà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ láàárín wọn. Ẹ kíyè sí i pé ẹran tó ń tan àìsàn yìí lè má ṣe bí aláìsàn lójú wa.

Kòkòrò náà ní ẹ̀yà púpọ̀. Èyí tó wà lára ewúrẹ́ àti àgùntàn ló máa ń le jù fún ọmọ ènìyàn. Ti màlúù wà, òun ni Bernhard Bang, ará Denmark, rí ní 1897 lára màlúù tí oyún ń bàjẹ́ lára wọn. Ti ẹlẹ́dẹ̀ àti ti ajá náà wà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ Malta kò kàn wá. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ màlúù 4,745 wò ní ìhà Àríwá Nàìjíríà. Nínú màlúù mẹ́rin, ó ju ọ̀kan lọ tí àmì kòkòrò náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní 2011, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ 224 wò ní àwọn ilé ìpẹran Àbújá, Àbújá tó bá ìpínlẹ̀ Kogi wa pààlà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin wọn tí àmì náà wà lára wọn. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ń ṣàìsàn lọ́jọ́ náà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kòkòrò náà ti kàn wọ́n rí. Láti ọ̀nà Àríwá yẹn ni ọ̀pọ̀ agbo ẹran sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Báwo ló ṣe ń wọlé sí wa lára? Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú nọ́nò. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí mílíìkì bá ti kan, kòkòrò inú rẹ̀ ti kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kíkan rẹ̀ lè dín kòkòrò náà kù, ṣùgbọ́n kò fi dandan pa á tán. Fúrá tí wọ́n pò mọ́ ọn ni wọ́n sè, wọn kì í sábà se nọ́nò náà. Wàrà yàtọ̀. Àwọn ìyá Fúlàní máa ń gbé mílíìkì rẹ̀ kaná, wọ́n á da omi ewé bomubomu sí i, wọ́n á sì jẹ́ kó hó títí yóò fi dì. Mílíìkì tí iná bá mú tó bẹ́ẹ̀, kòkòrò brucellosis kò lè yè nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má tìtorí ẹ̀kọ́ yìí sá fún oníwàrà o. Ẹ̀yin tí ẹ ń dín in jẹ, ẹ máa dín in lọ. Mílíìkì tútù ni kí ẹ sè kó hó kí ẹ tó mu ún.

Ọ̀nà kejì kò kan oúnjẹ. Nígbà tí màlúù, ewúrẹ́ tàbí àgùntàn bá bímọ, pàápàá bí oyún rẹ̀ bá bàjẹ́, inú ibi ọmọ àti omi tó bá a jáde ni kòkòrò náà ti máa ń pọ̀ jù. Ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán kó o, tí ọgbẹ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ṣílẹ̀kùn fún un. Ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe màlúù nìkan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin tí ẹ máa ń dúó ẹran ní ọjọ́ Iléyá, ẹ wá ìbọ̀wọ́ rọ́bà, tàbí kí ẹ fi ọ̀rá wé ọwọ́ bí kò bá sí. Bí ẹ bá bá oyún nínú ẹran (bóyá jíjẹ rẹ̀ tọ́ tàbí kò tọ́, ọ̀rọ̀ fíkíhì nìyẹn, ọjọ́ rẹ̀ ń bọ̀), ẹ má fi ọwọ́ lásán fà á jáde. Kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín dé ìgúnpá lẹ́yìn iṣẹ́.

A gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé Fúlàní ló ń kó àìsàn wá bá wa. Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni. Ẹran ló ní kòkòrò náà, Fúlàní àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń fún mílíìkì ní àárọ̀ ló sì súnmọ́ ọn jù. Kí ẹnì kan kó o lára ẹnì kejì ṣọ̀wọ́n gan-an, nítorí náà kò sí ìdí láti ya àwo tàbí ẹní ẹni tó ní in sọ́tọ̀.

Ọ̀nà kẹta ni èémí, òun ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Eruku ibùso ẹran àti ìkùukùu tó ń ta nígbà tí wọ́n bá ń fi omi fọ ilé ìpẹran lè gbé kòkòrò náà wọ ihò imú. Ní ìlú Lanzhou ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ 2019, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára àìsàn yìí fún ẹran lo oògùn apakòkòrò tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Afẹ́fẹ́ tó jáde láti ibẹ̀ gbé kòkòrò náà wọ àdúgbò. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án 2020, ènìyàn 3,245 ni ìjọba ìlú náà kéde pé wọ́n ti kó o. Lẹ́yìn náà iye wọn kọjá 10,000. Ọ̀pọ̀ wọn kò fọwọ́ kan ẹran, wọn kò sì mu mílíìkì tútù. Wọ́n kàn ń mí ni.

Bí kòkòrò náà bá wọlé, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin kí ara tó sọ ọ́, ó sì lè tó oṣù mélòó kan. Ibà ni olórí àmì rẹ̀. Ó lè ga ní ìrọ̀lẹ́, kó wálẹ̀ ní òwúrọ̀. Ó lè fi ènìyàn sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kó tún dé. Òógùn òru ń bẹ níbẹ̀, irú èyí tí ènìyàn á fi dìde pààrọ̀ aṣọ. Orí á máa fọ́, oúnjẹ kò ní lọ lẹ́nu, ara á máa rù. Orúnkún, ìbàdí àti eegun ẹ̀yìn á máa dunni bí ti arúgbó.

Èyí tó ń ká wa lára jù ni àárẹ̀ rẹ̀, nítorí kì í hàn sí ojú ẹni tó ń woni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti ń kọ ebè kó tó di pé oòrùn yọ á wá jókòó sábẹ́ igi láti àárọ̀. Ọkàn rẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì, á máa bínú lórí ohun tí kò tó nǹkan. Bàbá á ní ọ̀lẹ ni. Ọ̀gá níbi iṣẹ́ á ní ó ń díbọ́n. Olùkọ́ ilé-kéwú á ní ayé ló ti gbé e lọ. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bi í bóyá ara rẹ̀ ń gbóná lóru.

Nínú ọkùnrin, ẹpọ̀n lè wú kó sì máa dunni; ìtìjú ni ọ̀pọ̀ fi ń pa á mọ́ra, dókítà kò sì lè wo ohun tí a kò sọ fún un. Nínú aboyún, ó lè ba oyún jẹ́, tàbí kó mú kí ọmọ wáyé kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí oyún bá bàjẹ́ lára ọmọbìnrin lẹ́ẹ̀mejì, ìyá ọkọ tàbí orogún ni wọ́n ń fura sí. A kò sọ pé brucellosis ló ń fa gbogbo rẹ̀, nítorí ohun tó ń ba oyún jẹ́ pọ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣáájú ẹ̀sùn. Àìsàn náà kì í sábà pani. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, àwọn tí ń kú kò tó méjì. Bó bá dé inú ọkàn, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gbà kọjá, ibẹ̀ ló ti máa ń pani jù.

Ó kù ti àyà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló ń wúkọ́. Àwọn tó ń mú ní ẹ̀dọ̀fóró kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá débẹ̀, ikọ́ á wà, gbígbẹ tàbí oníkẹ̀lẹ̀bẹ̀, àyà á máa dunni bí a bá mí kanlẹ̀, èémí á máa yá, omi sì lè gbá jọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wá fi ikọ́ yìí kún ibà, òógùn òru àti rírù tí a ti kà ṣáájú. Kí ló jọ? Ikọ́ ife ni! Àwòrán àyà pàápàá kì í fi gbogbo ìgbà yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ gbé lọ fún àyẹ̀wò ikọ́ ife, èyí tí ìjọba ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí kan tún wà tí èyí fi gbọ́dọ̀ ṣáájú: rifampicin, ọ̀kan nínú oògùn brucellosis, wà nínú oògùn ikọ́ ife pẹ̀lú. Bí ẹni tó ní ikọ́ ife bá lò ó láì sí àwọn ẹnikejì rẹ̀, kòkòrò ikọ́ ife lè kọ́ bí yóò ṣe borí oògùn náà, ìtọ́jú rẹ̀ á sì wá le gan-an.

Ojú lásán kò lè dá brucellosis mọ̀. Àyẹ̀wò Widal tí wọ́n ń ṣe fún tàífọ́ọ̀dù kò sì lè sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Èyí tó yá ni wọ́n ń pè ní Rose Bengal, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ mọ́ oògùn aláwọ̀ pupa, wọ́n á wò ó bóyá ó dì pọ̀. Bó bá dì, wọ́n á fi àyẹ̀wò mìíràn tì í lẹ́yìn láti mọ bí àmì náà ṣe pọ̀ tó. Wọ́n tún lè gbin ẹ̀jẹ̀ náà láti rí kòkòrò fúnra rẹ̀, ìyẹn sì lè pẹ́ ní ọjọ́ púpọ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé àyẹ̀wò ló ń ṣe é. Wọ́n lè ní kí ẹ lọ sí Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin. Ṣùgbọ́n dókítà kò ní ronú kàn án bí ẹ kò bá sọ ìtàn yín. Ẹ sọ fún un pé ẹ ń mu nọ́nò, pé ewúrẹ́ yín bímọ lóṣù tó kọjá, pé ẹ bá wọn pa ẹran.

Ọ̀rọ̀ oògùn rèé. Kòkòrò yìí kì í dúró níta kí ó máa jà. Inú àwọn ọmọ ogun ara gan-an, àwọn tó yẹ kó pa á, ló máa ń fara pamọ́ sí. Nítorí náà ni oògùn kan ṣoṣo kì í fi í tó, tí ọjọ́ márùn-ún kì í sì í tó. Tẹtirasáíkílìnì ẹyọ mẹ́rin tí à ń rà ní kẹ́mísì á kàn lé e wọlé sí i ni. Èyí tí àwọn dókítà ń lò jù ni doxycycline lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ streptomycin fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, tàbí gentamicin fún ọjọ́ tí kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ń lo doxycycline pẹ̀lú rifampicin, méjèèjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tó wà lórí rifampicin kó má fòyà bí ìtọ̀ rẹ̀ bá pupa bí ọsàn. Ẹni tí etí rẹ̀ bá ń hó nígbà abẹ́rẹ́ streptomycin, kó tètè sọ. Oògùn ti aboyún àti ti ọmọdé yàtọ̀, ẹ má pín tiyín fún wọn. Bó bá ti wọ eegun ẹ̀yìn tàbí ọkàn, ìtọ́jú lè gba oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ara á ti yá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń da oògùn nù, ibẹ̀ náà ni ibà ti ń rí àyè padà. Bí ìtọ́jú bá bọ́ sínú Rámàdáánì, aláìsàn ní àyè láti ṣínu kó sì san án padà. Ẹni tí dókítà bá gbà fún láti gba ààwẹ̀ lè lo doxycycline nígbà ìṣínu àti nígbà sààrì, ṣùgbọ́n kó fi omi púpọ̀ mu ún, kó má fi mílíìkì tàbí nọ́nò mu ún, kó má sì padà sùn lójú ẹsẹ̀ lẹ́yìn sààrì, nítorí oògùn náà lè lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun kó sì dá egbò síbẹ̀. Kó jókòó, kó máa ka Alùkùránì rẹ̀ títí ìrun Àsùbáà á fi tó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àmì inú ẹ̀jẹ̀ lè ṣì wà fún ọ̀pọ̀ oṣù, bí ara tilẹ̀ ti yá pátápátá. Ìyẹn nìkan kò túmọ̀ sí pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Ohun tí dókítà ń ṣọ́ ni bóyá ibà náà padà, láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ló sì máa ń padà jù bó bá máa padà. Ẹ pa káàdì ilé ìwòsàn yín mọ́ títí di ìgbà náà.