Ìgbà Mẹ́wàá Kò Tó Láti Fi Ṣe Ẹ̀rí

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ ti ka Ilmul-Faraa'id, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí kò ní ṣàjèjì sí yín. Ẹ mọ̀ pé nígbà tí a bá ń pín ogún, a máa ń wo nọ́ńbà méjì bóyá tawaafuq ló wà láàrin wọn tàbí tabaayun. Tawaafuq wà láàrin 8 àti 12, nítorí pé 4 pín àwọn méjèèjì láìṣẹ́kù. Tabaayun ló wà láàrin 8 àti 9: yàtọ̀ sí 1, kò sí nọ́ńbà kankan tó pín àwọn méjèèjì.

Ní ọdún 1763 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ kan jáde tí Leonhard Euler, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ti wo ọ̀rọ̀ yìí: bí a bá mú nọ́ńbà kan, mélòó nínú àwọn nọ́ńbà láti 1 títí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ní tabaayun pẹ̀lú rẹ̀? Fún 10, àwọn náà ni 1, 3, 7 àti 9. Mẹ́rin ni wọ́n. Àmì φ tí Gauss lò ní 1801 ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Àwa yóò máa pè é ní iye tabaayun.

Bí nọ́ńbà bá jẹ́ àìṣeépín, ìyẹn ni pé 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan ló pín in, a óò yọ 1 kúrò lára rẹ̀: iye ti 5 jẹ́ 4, ti 17 jẹ́ 16. Bí tabaayun bá wà láàrin nọ́ńbà méjì, a óò sọ iye wọn di púpọ̀: 85 jẹ́ 5 × 17, iye rẹ̀ sì jẹ́ 4 × 16, tí í ṣe 64. Bí àìṣeépín kan bá wọ inú nọ́ńbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, gbogbo ìgbà tó bá tún wọlé ni a óò tún fi í sọ iye di púpọ̀: ti 3 jẹ́ 2, ti 9 jẹ́ 2 × 3, ti 81 jẹ́ 2 × 3 × 3 × 3, tí í ṣe 54.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kíláàsì wa ṣàkíyèsí pé 4, 16, 36 àti 64 jẹ́ murabba', nọ́ńbà tí a rí nígbà tí a sọ nọ́ńbà kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ó ní, “Ustaaz, ṣé gbogbo murabba' tí 2 bá pín ni yóò jẹ́ iye tabaayun nọ́ńbà kan?” Ìbéèrè rere ni. (Èyí tí 2 kò pín kò lè sí níbẹ̀, àfi 1, nítorí pé láti 3 lọ, méjì méjì ni àwọn tó ní tabaayun ń rìn: bí 3 bá wà fún 10, 7 náà wà.)

A mú ṣọ́ọ̀kì. 4 ti ọ̀dọ̀ 5 wá, 16 láti 17, 36 láti 37, 64 láti 85, 100 láti 101, 144 láti 185, 196 láti 197, 256 láti 257, 324 láti 567, 400 láti 401. Ó di mẹ́wàá, kò sí èyí tó kùnà. Ó kù díẹ̀ kí àwa fúnra wa kọ “bẹ́ẹ̀ ni” sí ojú pátákó.

Ó wá kan 22 × 22, ìyẹn 484. Gbogbo àìṣeépín tó bá wà nínú nọ́ńbà tí a ń wá, bí a bá yọ 1 lára rẹ̀, ohun tó kù gbọ́dọ̀ pín 484. Àwọn tó pín 484 ni 1, 2, 4, 11, 22, 44, 121, 242 àti 484. Fi 1 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan: 2, 3, 5, 12, 23, 45, 122, 243, 485. Nínú wọn, 2, 3, 5 àti 23 nìkan ni àìṣeépín. Bẹ́ẹ̀, 11 wà nínú 484 lẹ́ẹ̀mejì. 2, 3 àti 5 kò lè mú 11 kankan wá. 23 mú ẹyọ kan wá, nítorí pé 22 jẹ́ 2 × 11. Bí a bá lo 23 lẹ́ẹ̀mejì, 23 fúnra rẹ̀ yóò wọ inú iye náà, kò sì pín 484. Nítorí náà kò sí nọ́ńbà kankan láyé tí iye tabaayun rẹ̀ jẹ́ 484. A kò nílò láti máa wá a kiri mọ́.

Ẹ tún wo 5, 17, 37, 101, 197, 257 àti 401. Àìṣeépín ni gbogbo wọn, murabba' tí a fi 1 kún sì ni wọ́n. Ǹjẹ́ irú wọn lópin? Edmund Landau, ará Jámánì, gbé ìbéèrè yìí kalẹ̀ ní Cambridge ní 1912. Ní 1978, Henryk Iwaniec fi ẹ̀rí hàn pé murabba' tí a fi 1 kún, tí kò ní ju àìṣeépín méjì lọ nínú, kò lópin. Ti ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹnikẹ́ni kò tíì rí ẹ̀rí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ gbà pé wọn kò lópin. Ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ tó ti fìdí múlẹ̀.

Iṣẹ́ yín rèé: ẹ mú 34 × 34, ìyẹn 1156, kí ẹ tọ ọ̀nà tí a fi wo 484. Ẹ kọ́kọ́ kọ àwọn tó pín in sílẹ̀, mẹ́sàn-án ni wọ́n.