Òtútù Òkè Jọ́ọ̀sì àti Ìkòkò Èédú Inú Yàrá

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ tàbí ẹbí ní ìlú Jọ́ọ̀sì. Bí ará Èkó tàbí ará Ìbàdàn bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ nígbà ọyẹ́, ẹnu a máa yà á. Ní ọ̀sán, oòrùn a mú tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi bọ́ ẹ̀wù. Kí ilẹ̀ tó ṣú tán, ara rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

Kí ni ó fà á? Jọ́ọ̀sì ga tó ìwọ̀n mítà 1,200 ju ojú òkun lọ, bí a bá sì ti ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń tutù sí i. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa fẹ́ wá láti aginjù Sàhárà, ìkùukùu kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sí lójú ọ̀run. Ìkùukùu dà bí aṣọ ìbora fún ilẹ̀. Níbi tí kò bá sí, ooru tí ilẹ̀ gbà ní ọ̀sán a sá lọ ní òru.

Ṣùgbọ́n òtútù náà kò léwu tó ọ̀nà tí àwọn mìíràn ń gbà lé e lọ. Wọn a gbé ìkòkò èédú wọ yàrá, wọn a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa, wọn a sì sùn. Ikú ni wọ́n ń pè wọlé. Èédú tí ń jó a máa tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí à ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Nítorí náà, èédú tí ó ti pọ́n, tí kò rú èéfín mọ́, ṣì lè pani. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń wọ̀, tí ó sì ń gba ipò ọ́síjìn tí ó ń mú wa wà láàyè. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti sùn lè má mọ̀ rárá.

Bí ẹ bá bá ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ẹ gbé e síta, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe rọ epo tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ ni oró náà wà, kì í ṣe ikùn.

Kí ni kí á ṣe, nígbà náà?

Èkínní, ẹ wọ aṣọ lé aṣọ. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta sàn ju ẹyọ kan tí ó nípọn lọ, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó há sí àárín wọn ni ó ń pa ooru mọ́. Ẹ má gbàgbé fìlà àti ìbọ̀sẹ̀.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán wọ yàrá, kí ẹ sì ti fèrèsé kí oòrùn tó wọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ mu ògì gbígbóná, kì í ṣe ọtí. Ọtí a máa mú awọ ara móoru, ṣùgbọ́n ooru inú ni ó ń kó síta.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ṣọ́ ọmọ ọwọ́ àti àgbàlagbà. Ẹ dé fìlà fún ọmọ, kí ìyá sì gbé e lé àyà lábẹ́ aṣọ. Bí ara ọmọ bá tutù tí kò sì fa ọmú, tàbí bí àgbàlagbà bá ń tòògbé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, ilé ìwòsàn ni ó kàn.

Ẹ ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí yín tí ó wà lókè lọ́hùn-ún kí ọyẹ́ tó dé: kí ìkòkò èédú sùn síta, kí ènìyàn sùn sínú ilé.